Ìpinnu tó ń tán kí oòrùn tó wọ̀: ọ̀rọ̀ oníkajú kan ní Ìjùmú

Ẹni tí mò ń kọ̀wé nípa rẹ̀ yìí ń ra kajú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ní Ìjùmú ní ìpínlẹ̀ Kogí, lójú ọ̀nà tó ti Kàbà lọ sí Òmùò-Èkìtì. Ẹni ọdún 47 ni, opó ni, ọmọ mẹ́rin ló bí. Ó fún mi láyè láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ní kí n má dárúkọ òun tàbí ìlú òun, nítorí náà Ìyá Oníkajú ni n ó máa pè é. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni èmi. Mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí, ìdí nìyẹn tó fi ń pè mí ní Àǹtí.

Ọ̀rọ̀ náà kò ju èyí lọ: obìnrin tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú, tí kò sẹ́ni tó lè rẹ́ ẹ jẹ láàárọ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í ra ọjà bí ẹni tí kò rí kajú rí bó bá ti di ọ̀sán rọ̀. A mú ètò ojúmọ́ díẹ̀ nínú ìṣègùn ìbílẹ̀ àwọn ará Íńdíà, Ayurveda, a fi gbìyànjú láti ràn án lọ́wọ́. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ṣiṣẹ́, díẹ̀ ò ṣiṣẹ́ rárá, èyí tó sì ṣiṣẹ́, mi ò rò pé ìdí tí àwọn tó ni ìṣègùn náà máa sọ ló mú kó ṣiṣẹ́.

Ohun tí kajú ń béèrè lọ́wọ́ ẹni

Láti nǹkan bí oṣù kejì ni kajú ti máa ń jábọ́ lọ́dọ̀ wa, títí wọ oṣù karùn-ún. Ní gbogbo àkókò yẹn, iye rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Íńdíà àti Vietnam ni èyí tó pọ̀ jù nínú kajú wa ń lọ, pẹ̀lú èèpo lára. Bí ọjà bá mì lọ́hùn-ún, alágbàtà Èkó á pe ti Lọ́kọ́jà, ti Lọ́kọ́jà á pe Ìyá Oníkajú, Ìyá Oníkajú ló sì máa kojú àgbẹ̀ tó gbé àpò mẹ́ta sórí ọ̀kadà láti oko, tó ti gbọ́ iye àná, tí kò fẹ́ gbọ́ ti òní.

Àwọn olùrà ńlá máa ń la kajú wò. Wọ́n á mú díẹ̀ nínú àpò, wọ́n á gé e sí méjì, wọ́n á ya èyí tó funfun sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó ti dúdú tàbí tó ti jẹrà, wọ́n á sì ṣírò ìwọ̀n ojúlówó inú rẹ̀, ní pọ́n-ùn, tó lè jáde nínú àpò 80 kílò. Bó bá wọ 46 sí 48, inú wọn á dùn. Ìyá Oníkajú kò ní gbogbo ẹ̀rọ yẹn. Ọwọ́ ló ń kì bọ àárín àpò, á bu ẹ̀kúnwọ́ kan, á gbọ̀n ọ́n létí. Kajú tó gbẹ máa ń dún wọ́rọ́wọ́rọ́. Èyí tó tutù kì í dún, owó tẹ́ ẹ bá sì san lé e lórí, omi lẹ ra.

Ẹ wá wo ìbéèrè tó ń dúró dè é láàárín àárọ̀ sí ìrọ̀lẹ́. Èló la máa san lónìí? Ṣé kajú yìí gbẹ tó? Bí kò bá gbẹ, ṣé ká dá a padà ni àbí ká yọ kílò kúrò? Ẹni yìí ń bẹ̀bẹ̀ owó àsansílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ṣì jẹ wá láti èṣí, ṣé ká fún un, kó má baà gbé kajú rẹ̀ lọ bá ẹlòmíì? Ṣé ká kó ẹrù lọ lónìí, tàbí ká tọ́jú rẹ̀ bóyá owó á gòkè? Láàárín èyí, ọmọ á pè láti ilé-ìwé, àna á pè nítorí ìsìnkú, ẹgbẹ́ ìjọ á fẹ́ mọ irú aṣọ tí yóò rà, ọmọbìnrin tó wà nílé á sì yọjú: "Mọ́mì, kí la máa sè?"

Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ló máa ń mú un sunkún. Mi ò bù mọ́ ọn. Ó dojú kọ iye kajú, ó dojú kọ onígbèsè, ọbẹ̀ ló wá ṣẹ́ ẹ lórúnkún.

Ohun tí mo rí

Ó wá sọ́dọ̀ mi nítorí orí fífọ́. Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ ni mo rí i pé orí fífọ́ kọ́ ni olórí ọ̀rọ̀. Ó ní, "Àǹtí, bó bá ti di aago mẹ́ta, bẹ́ ẹ bá bi mí pé kí lorúkọ mi, màá ní ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ rò ó ná." Ó sọ bó ṣe ra àpò 11 lọ́wọ́ ọ̀dọ́kùnrin kan nírọ̀lẹ́ láìki ọwọ́ bọ ìkankan nínú rẹ̀. "Ó ti rẹ̀ mí, mo kàn fẹ́ kó lọ." Tútù ni gbogbo rẹ̀. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ alágbàtà, wọ́n dá a padà, ó sì tún san owó ọkọ̀ ìpadàbọ̀.

Àbíkẹ́yìn rẹ̀ rí ilé-ìwé gíga méjì tó gbà á. Ìyá yìí ò lè yan ọ̀kan. Kì í ṣe pé kò lówó tàbí kò mọ èyí tó dára. Lójoojúmọ́ ló ń sọ pé òun á rò ó lálẹ́, alẹ́ sì ni àkókò tí kò lè ro nǹkan kan mọ́. Ọjọ́ tí wọ́n dá fún owó ìgbàwọlé kọjá lórí ọ̀kan, èyí tó kù ni ọmọ náà lọ. Ó dára pé ó kù ọ̀kan.

Kí ẹnikẹ́ni tó fi òróró pa irú ẹni bẹ́ẹ̀ lára, ó yẹ kó kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe é. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni mo kọ́kọ́ wò: 158/96. Mo wò ó lọ́jọ́ mìíràn, kò wálẹ̀. Mo ní kó lọ sí ilé ìwòsàn ní Kàbà, wọ́n yẹ ṣúgà rẹ̀ wò, ó dára; wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò bóyá ó kéré, kò kéré. Dókítà bi í nípa oorun, nípa ìbànújẹ́ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, nípa nǹkan oṣù tó ti ń ṣe ségesège. Wọ́n fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo ń sọ èyí nítorí pé ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń pariwo ìṣègùn àdáyébá máa ń fo ibí yìí kọjá. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, tí kò sùn, tó ń la ìyípadà ara àárín ọjọ́ orí kọjá, kò lè ṣe kí ìpinnu má nira fún un.

Ṣé lóòótọ́ ni ìpinnu máa ń rẹni?

Àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ti bá ara wọn fa èyí pẹ́. Ní 1998, Roy Baumeister àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé e kalẹ̀ pé agbára tí èèyàn fi ń kó ara rẹ̀ níjàánu máa ń dínkù bó bá ṣe ń lò ó. Ní 2011, àwọn kan ṣe ìwádìí àwọn adájọ́ ní Ísírẹ́lì tó ń pinnu bóyá kí ẹlẹ́wọ̀n jáde ṣáájú àkókò: bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó, nǹkan bí 65 nínú 100 ni wọ́n ń ṣe ojúrere sí, bó bá kù díẹ̀ kí wọ́n dìde lọ jẹun, ó ń sún mọ́ òdo, bí wọ́n bá jẹun dé, ó tún padà sí 65. Ìtàn yìí dùn, ó sì tàn kálẹ̀. Àwọn mìíràn yára fèsì lọ́dún yẹn kan náà pé àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí kò ní lọ́yà ni wọ́n sábà máa ń gbọ́ tiwọn kẹ́yìn, pé kì í ṣe ebi nìkan ló wà níbẹ̀. Nígbà tó di 2016, yàrá ìwádìí 23 tún dán àbá ti Baumeister wò pẹ̀lú èèyàn tó lé ní 2,000, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí nǹkan kan.

Nítorí náà, n kì í sọ fún ẹnikẹ́ni pé ọpọlọ ní táǹkì kan tó ń gbẹ. Ohun tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà nípa rẹ̀ ni ohun tí mo rí nínú ìwé àkọsílẹ̀ Ìyá Oníkajú fúnra rẹ̀: a jọ yẹ ẹrù tí wọ́n dá padà fún un wò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ló rà lẹ́yìn aago méjì ọ̀sán. Yálà àárẹ̀ ni o, yálà ebi ni o (gàrí ló ń mu lọ́sàn-án), yálà oòrùn oṣù kẹta wa yìí ni, ọ̀sán ni owó rẹ̀ ń bá lọ.

Ohun tí a yá lọ́wọ́ Íńdíà

Mo pàdé Ayurveda nígbà tí mo sin ẹbí mi kan lọ gba ìtọ́jú ní Chennai. Dinacharya ni wọ́n ń pe ètò ojúmọ́ níbẹ̀. Orí kejì nínú Ashtanga Hridayam, ìwé ìṣègùn tí wọ́n ní Vagbhata kọ ní nǹkan bí ọ̀rúndún keje, lórí èyí ló dá: ìgbà tó yẹ kéèyàn jí, bó ṣe máa fọ ẹnu, bó ṣe máa fi òróró para, bó ṣe máa wẹ̀. Wọ́n ní kéèyàn jí ní àkókò kan tó bẹ̀rẹ̀ ní ìṣẹ́jú 96 ṣáájú kí oòrùn tó yọ. Wọ́n ní kó fá ahọ́n. Wọ́n ní iná kan wà nínú ikùn tí wọ́n ń pè ní agni, àti pé ọ̀sán gangan ló ń jó dáadáa jù, ìgbà yẹn ni kéèyàn jẹ oúnjẹ tó tóbi jù. Alẹ́, kó jẹ ìwọ̀nba, kó sì sùn kí aago mẹ́wàá tó lù.

Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni ọ̀rọ̀ vata, pitta àti kapha wà, ohun mẹ́ta tí wọ́n gbà pé ó ń darí ara. Mo gbé ìyẹn sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni mí, mi ò rí ohun tó fi vata hàn nínú ẹ̀jẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n èèyàn ò nílò vata kó tó lè jẹun lásìkò.

Ohun tó wù mí níbẹ̀ ni pé ètò náà ti dáhùn ọ̀pọ̀ ìbéèrè kí ojúmọ́ tó mọ́. Ètò tó ti mọ́ni lára dà bí ọ̀nà oko tí ẹsẹ̀ ti là, ẹnikẹ́ni kì í dúró ro ibi tí yóò gbà.

Púpọ̀ nínú rẹ̀ ò sì jẹ́ àjèjì. Igi tí àwọn ará Íńdíà ń fi rin ẹnu, tí wọ́n sì máa ń là sí méjì láti fi fá ahọ́n, dóńgóyárò ni, ó wà lẹ́yìnkùlé Ìyá Oníkajú. Òróró tí wọ́n yàn láàyò fún ara ni ti yànmọtí, tí wọ́n ń gbìn ní Kogí níbí. Ní ti fífi òróró para, ìyá àgbà wo ni kò fi òrí tàbí àdín na ọmọ tuntun lápá nítan? A kàn gbà pé ọmọ ọwọ́ nìkan ló nílò rẹ̀ ni.

Bí a ṣe tò ó

Mo ní kó má gbé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. A bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀. Aago márùn-ún àbọ̀ ni kó máa jí, yálà ọjọ́ ọjà ni tàbí ọjọ́ ìsinmi. Kó rin ẹnu, kó fá ahọ́n, kó mu ife omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kó lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru pẹ̀lú rẹ̀, kó wẹ̀, kó mu ẹ̀kọ pẹ̀lú ọ̀lẹ̀lẹ̀. Fóònù ò gbọdọ̀ tàn kí gbogbo ìyẹn tó parí. Òfin fóònù yìí kò sí nínú ìwé Vagbhata, èmi ni mo fi í kún un.

Lẹ́yìn náà ló máa pe Lọ́kọ́jà, ó máa gbọ́ iye ọjà, á sì kọ ìlà mẹ́ta sínú ìwé kékeré kan: iye tó ga jù tí òun lè san lónìí fún kajú tó gbẹ, iye tí òun máa san fún èyí tí kò gbẹ tán, àti iye owó àsansílẹ̀ tí òun lè fi sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn lápapọ̀. Bó bá ti kọ ọ́, ó parí. Ẹni tó bá dé lọ́sàn-án, ìwé ni yóò dá a lóhùn. Ẹni tó bá fẹ́ owó àsansílẹ̀ lẹ́yìn aago méjì, "Ẹ padà wá láàárọ̀ ọ̀la" ni èsì rẹ̀, bó ti wù kó jẹ́ ìbátan tó.

Oúnjẹ ọ̀sán ló nira jù. Ilé tí a ti ń jẹ iyán, alẹ́ la mọ̀ mọ́ ọn. Ọmọbìnrin rẹ̀ ló yanjú rẹ̀: ó kọ oúnjẹ ọjọ́ méje sára ògiri ilé ìdáná, ọjọ́ wo ni iyán, ọjọ́ wo ni ẹ̀wà, ọjọ́ wo ni àmàlà. Kò sẹ́ni tó tún ń béèrè ohun tí wọn ó sè. Ní ọjọ́ iyán, wọ́n dín in kù, nítorí ọjọ́ kìíní tó jẹ ẹ́ yó lọ́sàn-án, orí àpò kajú ló sùn sí.

Lálẹ́, kó fi òróró pa àtẹ́lẹsẹ̀ àti àtàrí. Ooru oṣù kẹta àti ìkẹrin ò jẹ́ kí a lo yànmọtí, nítorí àwọn ará Íńdíà fúnra wọn gbà pé ó ń mú ara gbóná, epo àgbọn ni wọ́n máa ń lò bí oòrùn bá mú. A lo epo àgbọn. Mo kìlọ̀ fún un kó kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dáadáa, torí oje inú èèpo kajú máa ń jó awọ ara, ọwọ́ tó bá sì ti la kajú kì í ṣe ọwọ́ tí wọ́n ń gbé kan ojú.

Èyí tí kò bọ́ sí i

Sísùn kí aago mẹ́wàá tó lù kò ṣeé ṣe. Alẹ́ ni ọkọ̀ akẹ́rù ń dé, ó sì gbọ́dọ̀ dúró ti àwọn tó ń kó ẹrù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àpò á dínkù. A fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ tí kò sí ọkọ̀. Jíjí ní aago márùn-ún bí ìwé ti wí, òun náà a fi sílẹ̀, oorun ló nílò ju ìwà mímọ́ lọ. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ló ṣe bíi pé ìyà ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́ lásìkò ooru, a sọ ọ́ di omi tí kò tutù.

Àwọn oníbàárà kan bínú. Ọkùnrin kan tó ti ń tà fún un tipẹ́ gbé kajú rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì nítorí pé wọn ò fún un lówó àsansílẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ìyá Oníkajú fẹ́ fa ìwé ya lọ́jọ́ náà. Mi ò bá a jiyàn, àdánù ni lóòótọ́.

Ìṣòro tó tóbi jù ti ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ ràn án lọ́wọ́ wá. Ìbátan rẹ̀ kan ní Àbújá gbọ́ pé ó ń "ṣe Ayurveda", ó bá fi ìyẹ̀fun méjì ránṣẹ́ nínú ike: ashwagandha, egbòogi Íńdíà kan, àti èkejì tí wọ́n pò mọ́ gbòǹgbò licorice. Ó ti bù ú sínú ife kó tó pè mí. Licorice máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ru, bẹ́ẹ̀ èyí tí a ń lé kúrò nìyẹn. Ashwagandha náà, wọ́n ti rí àwọn tí ẹ̀dọ̀ wọn dàrú lẹ́yìn tí wọ́n lò ó. Ó sì tún ku ohun tí ojú ò lè rí: ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 2004 yẹ oògùn Ayurveda 70 wò tí wọ́n rà ní àwọn ṣọ́ọ̀bù ní Boston, 14 nínú wọn ló ní òjé, mẹ́kúrì tàbí aséníìkì nínú. Ọ̀kan nínú márùn-ún nìyẹn. Mo ní kó da méjèèjì nù. Ètò ojúmọ́ la yá, a ò yá ilé oògùn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé

Kí àsìkò kajú tó parí, ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ti wá sí 134/84. Oògùn ló ṣe èyí tó pọ̀ jù, ètò àárọ̀ kàn jẹ́ kó máa rántí lò ó ni; tẹ́lẹ̀, ó lè fo ọjọ́ mẹ́ta kó má mọ̀. Wọ́n ṣì dá ẹrù padà fún un lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n àárọ̀ ló ra ìyẹn, ó kàn ṣì í rà bí oníṣòwò ṣe máa ń ṣì í rà ni. Ó ní ariwo orí òun ti dínkù. Ọmọbìnrin rẹ̀ sọ fún mi, nígbà tí ìyá ò sí nítòsí, pé kò pariwo mọ́ wọn bíi ti tẹ́lẹ̀.

Èmi gbà pé ìwé kékeré yẹn àti oúnjẹ ara ògiri ló gbé iṣẹ́ náà. Ìyá Oníkajú ò gbà. Lójú tirẹ̀, epo àgbọn tí òun ń fi pa àtàrí ló tu òun lára, kò sì sẹ́ni tó lè yí i lọ́kàn padà. Ó ti ròyìn rẹ̀ fún obìnrin kan tó ń ta iṣu lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́jà, obìnrin náà sì tọ̀ mí wá, ó ní òun náà kì í lè ronú lọ́sàn-án mọ́. Mo ní kó jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Mo ní kó ra ìwé kékeré kan tó lè wọ àpò aṣọ, kó máa kọ iye tó máa ta iṣu sínú rẹ̀ láràárọ̀. Ó gbọ́ mi tán, ó kí mi "Òkun o", ó dìde. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà: "Àǹtí, epo àgbọn náà ńkọ́, ti inú ìgò ni àbí ti inú ike?"